Òrùka Irin Ìlù Ogun

Ìlù kan wà ní ìlú Manigri tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lù, àfi bí ọ̀tá bá dé. Baba Àgbà ni wọ́n ń pè é. Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó ga tó ọkùnrin, awọ ẹfọ̀n sì ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. Lábẹ́ igi àràbà ni ahéré tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń kùn bí akọ màlúù, ẹni tó wà nílé á sá, ẹni tó wà lóko á sọ ọkọ́ sílẹ̀, á gba inú igbó lọ. Kò sẹ́ni tí í dúró béèrè ohun tó dé. Nítorí náà ni wọn kì í fi í ṣeré, wọn kì í sì í lù ú wò. Bí wọ́n bá lù ú lásán lónìí, ta ni yóò sá lọ́la?

Àṣà náà dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Àmọ́ òun gan-an ni kò jẹ́ kí Òkè alágbẹ̀dẹ sùn dáadáa.

Ṣé ẹ rí i, nígbà òjò ọdún tó ṣáájú, àwọn ẹlẹ́ṣin tí ń kó èèyàn tà dé. Òjò ti mú kí awọ Baba Àgbà rọ̀, iná tí wọ́n fẹ́ fi yá a kò sì ràn. Wọ́n wá fi ipá fa àwọn ọṣán tó so awọ mọ́ èèkàn. Èèkàn kan ṣẹ́, ẹrù rẹ̀ bọ́ sọ́rùn èkejì, ìyẹn náà ṣẹ́, ni gbogbo wọn bá ń fò yọ bí eyín arúgbó. Ìlù dún pọ́ọ́ bí igbá tó ti là. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́, àwọn ará oko jíjìn kò gbọ́. Rissikatou, ẹ̀gbọ́n Òkè, wà lára àwọn tí kò gbọ́. Wọ́n rí agbọ̀n iṣu rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn kò rí òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà ní kí Òkè wá nǹkan ṣe sí i. Òkè ronú títí. Ó ní kí wọ́n yé fi èèkàn gún ìlù lára mọ́. Ó rọ òrùka irin ńlá kan tó yí ìlù po ní ìbàdí, ó fi àwọn ìkọ́ sí i lára, ó so ọṣán láti orí awọ mọ́ ìkọ́ wọ̀nyí. Ó wá gbẹ́ àwọn igi pẹlẹbẹ tí ẹnu wọn tín-ín-rín, ó fi wọ́n há àárín òrùka àti ara ìlù. Bí a bá ṣe ń fi òòlù gbá wọn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òrùka á máa fa awọ le, kò sì ní í béèrè iná. Òrùka àkọ́kọ́ ya níbi tó ti so ó pọ̀. Ó tún un rọ, ó jẹ́ kí ẹnu irin méjèèjì gun ara wọn dáadáa, ó gbé e kọ́ sára igi, ó so òkúta mọ́ ọn, kò sì ya. Issa ará Bassila, tí ń kó irin wá bá a, fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lórí rẹ̀, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun á máa gun ún bí ẹṣin.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ń ba Òkè. Òkúta kì í ṣe awọ, bẹ́ẹ̀ ni igi ìlù kò tíì kan awọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti dè é. Ó lọ bá Baba Mamoudou, ẹni tí ìlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lù ú lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Kí àwọn aboyún lè máa ṣubú nínú igbó nítorí irin tìẹ? Òkè, lọ sinmi.”

Sinmi kẹ̀! Ìgbà tí iṣu tuntun tó ó wà, Awaou ìyàwó rẹ̀ ní òun ń lọ sí oko wọn ọ̀nà Doguè, òun àti Yáyà ọmọ wọn lẹ́yìn òun. Oko yẹn jìn. Òkè ní kó má lọ.

“Ta ló máa wa iṣu náà, òòlù rẹ?” Awaou ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Yáyà, o ti fi irin de ìlù, má fi de èmi. Bó bá dún, n ó sá. Ṣebí o mọ̀ pé etí mi kì í pa ìlù tì.”

Òótọ́ ni. Bí ìlù ìnáwó bá dún ní ìlú mìíràn, Awaou ni í kọ́kọ́ dé ojú agbo. Òkè wò ó títí ó fi lọ.

Òjò ṣì ń ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí Issa já láti inú igbó láìwọ bàtà, ẹ̀gún ti ya aṣọ rẹ̀. “Ẹlẹ́ṣin! Wọ́n ń fún ẹṣin lómi lódò, lọ́nà Doguè! Wọ́n ń bọ̀!”

Ọ̀nà Doguè, Awaou kò sì tíì ti oko dé. Òkè gbé òòlù, ó sáré dé ahéré ìlù. Ó fọwọ́ kan awọ, awọ rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sómi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn igi pẹlẹbẹ wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ló wà lójú rẹ̀, nítorí náà kò dá ọwọ́ dúró, ó gbá gbogbo wọn dé ìdí. Irin han, ọṣán le gan-gan, ìkọ́ kankan kò yẹ̀. Baba Mamoudou gbé igi ìlù sókè.

Gbàn-án! Gbàn-án! Gbàn-án!

Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí àràbà. Ìlù kò dún tó bẹ́ẹ̀ rí ní Manigri. Issa pariwo ayọ̀. Òkè pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sá. Ìyá arúgbó kan tí ń lọ ata jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó ń tún ìró rẹ̀ ró, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ìlù ta ni yìí? Ta ló ń ṣe ìnáwó?”

Òkè tẹ́tí sí ìlù náà dáadáa. Awọ ti le jù, ohùn ti lọ sókè, ó han gooro. Kì í ṣe ohùn akọ màlúù tí gbogbo ayé mọ̀. Òun tí ń bẹ̀rù kí irin má ya láti ọjọ́ yìí, kò rántí ohùn rí, kò sì sẹ́ni tó rán an létí, nítorí wọn kò gbọdọ̀ lù ú. Níbo ni Awaou wà báyìí? Awaou tí etí rẹ̀ kì í pa ìlù tì? Á ti pọn ọmọ, á ti máa bọ̀ wá sí ojú agbo. Ọ̀nà Doguè sì ni á gbà.

Ó gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn igi pẹlẹbẹ.

Baba Mamoudou jágbe mọ́ ọn. “Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ó ń dún!”

“Ó ń dún, Baba, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dún! Ẹ ò rí i pé wọn ò mọ̀ ọ́n? Ẹ máa lù ú, ẹ má dúró!”

Ẹ̀rù mìíràn tún wá gbá a mú. Bí ohùn bá ṣe ń lọ sílẹ̀, awọ tútù yẹn kò ní í jẹ́ kó dé ọ̀nà jíjìn mọ́. Bí Awaou bá ṣì wà lóko, kò ní í gbọ́ rárá. Ó ń sunkún, ó ń yọ igi, Baba Mamoudou sì ń lù. Ohùn náà ń sọ̀ kalẹ̀, kò tíì tó. Ó tún yọ díẹ̀. Kò tíì tó. Ó tún fi òòlù kan òmíràn, ni Baba Àgbà bá kùn láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ wá, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ìyá arúgbó sọ ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó sá. Gbogbo ilé sá tẹ̀lé e. Wọ́n lù ú títí ìlú fi ṣófo, kí àwọn náà tó wọgbó.

Ohun tí Òkè jẹ nínú igbó yẹn lọ́jọ́ náà, ìyà ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọ Manigri, wọn kò bá ẹnì kan, wọ́n bínú dáná sun àwọn abà, wọ́n sì yí padà. Èéfín ń rú lápá oko rẹ̀ pẹ̀lú. Ó rí i. Ó jókòó sílẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí koríko mì, tí Awaou yọ, ẹrẹ̀ bò ó dé orí, Yáyà ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Awaou ló wá bá Òkè nílẹ̀.

“Mo gbọ́ ìlù kan,” ó ní. “N ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ìnáwó ni. Mo pọn ọmọ, mo ń jó bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà tí mo ti súnmọ́lé, mo gbọ́ Baba Àgbà. Mo kó sí koríko. Bàbá Yáyà, mo gbọ́ èémí àwọn ẹṣin.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí ibẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ Awaou wà nínú ẹrẹ̀, níbi tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹṣin ti fi pátákò tẹ ipa gìgísẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rìn dé oko, ahéré wọn ti di eérú. Bí ohùn àkọ́kọ́ kò bá pe Awaou kúrò níbẹ̀, kì bá tí gbọ́ èkejì láé. Bí Òkè bá sì pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó yọ igi wọ̀nyẹn, ojú ọ̀nà gbangba ni àwọn ẹlẹ́ṣin ì bá ti bá ìyàwó rẹ̀.

Òrùka irin náà kò kúrò lára Baba Àgbà. Òkè fi ọ̀bẹ fa ilà sára igi pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, ibi tí òòlù gbọ́dọ̀ dúró. Àwọn àgbà sì yí àṣà padà: bí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun, wọ́n á pe gbogbo ará oko wálé, wọ́n á lu ìlù náà ní ọ̀sán gangan kí àwọn ọmọdé lè mọ ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ á máa fò sókè, àwọn ìyá á máa rẹ́rìn-ín. Òkè kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Á di ọwọ́ Awaou mú títí ìlù á fi dákẹ́.