Ṣéènì Tí Sìdíkàt Sè Nínú Òróró Àgbọn

Mọ́rúfù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ajah ló kọ́kọ́ sọ fún Sìdíkàt pé ṣéènì ni bíréèkì. Ọkọ Sìdíkàt ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Mọ́rúfù sì kọ́ obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń gùn ún lórí títì Ẹ̀pẹ́, lọ́dún tí wọ́n da ọ̀dà sí i.

Iyọ̀ òkun àti yanrìn tètè máa ń ba ìdí kẹ̀kẹ́ jẹ́ lágbègbè yẹn. Nítorí náà, Mọ́rúfù a máa jó irin ìdí táyà ẹ̀yìn pọ̀ gbágbágbá. Bí táyà bá ń yí, pẹ́dà náà á máa yí, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ náà ló máa fi tako pẹ́dà.

"Bí ṣéènì bá já, ó ku ìwọ àti Ọlọ́run," ni Mọ́rúfù wí. "Èyí tó le ni kó o rà. Má wo dídán."

Sìdíkàt wá ń fi kẹ̀kẹ́ kó àgbọn lọ sí Maroko. Àwọn obìnrin a máa pè é lójú ọ̀nà:

"Ìyá Tájù! Ìgbà wo lo máa fò?"

"Ìgbà tí ìdí rẹ bá fúyẹ́ tó láti jókòó lẹ́yìn mi!"

Nígbà tí ṣéènì ọkọ rẹ̀ gbó, ó lọ sí Èkó láti ra òmíràn. Ibẹ̀ ló ti rí agogo kẹ̀kẹ́ kan tó ń kọ mànà. Ó ra agogo. Owó tó kù kò ra ju ògbólógbòó ṣéènì lọ. Nílé bàbá rẹ̀, bí ìwọ̀ ẹja bá dípẹtà, inú òróró àgbọn ni wọ́n ti ń sè é títí yóò fi dúdú, tí yóò máa dán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ṣéènì ọ̀hún.

"Tuntun ni?" Mọ́rúfù bi í.

"Tuntun ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ti ń pe ìrun Àsárì. Mọ́rúfù gbà á gbọ́, ó so ó, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Lọ́jọ́ kẹta, bí Sìdíkàt ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, ṣéènì já. Pẹ́dà ń yí lófìfo. Apẹja kan, Bàbá Odùbánjọ, jókòó nísàlẹ̀, ó ń di àwọ̀n. Kẹ̀kẹ́ àti àgbọn wó lù ú, ẹsẹ̀ bàbá kán.

Fàúsátù, ọmọ bàbá náà, fi igbe bọnu. "Mọ́rúfù! Irú ṣéènì wo lo so mọ́ ọn? Ṣé o fẹ́ pa bàbá mi ni?"

Mọ́rúfù dé, ó mú ṣéènì nílẹ̀, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbé e símú. Ó wo Sìdíkàt. Sìdíkàt tẹjú mọ́ orúnkún rẹ̀ tó bó, bí ẹni pé kò rí i rí.

"Ọwọ́ mi ló so ó," ni Mọ́rúfù wí.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbé kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Sìdíkàt fi gbé irọ́ náà jẹun, tó gbé e sùn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó tú agogo kúrò lára kẹ̀kẹ́, ó mú un lọ bá Mọ́rúfù. Ó bá a níbi tó ti ń di irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tirẹ̀.

Sìdíkàt kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo purọ́ fún yín. Ògbólógbòó ni. Agogo yìí ló jẹ owó ṣéènì."

"Òórùn òróró àgbọn ti sọ fún mi níjọ́ yẹn. Ẹnu rẹ ni mò ń retí."

"Màá sọ fún wọn lónìí. Ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Lọ sọ ọ́ fún Bàbá Odùbánjọ. Ẹsẹ̀ tèmi kọ́ ló kán."

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó kọjú sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Sìdíkàt tẹ agogo ọwọ́ rẹ̀, gbìn-ín, gbìn-ín! Ẹsẹ̀ Mọ́rúfù ń yí, kò sinmi, kò sì wẹ̀yìn.