Ilé Tó Kẹ̀yìn Sódò

"Ta ló sọ fún ọ pé ilé wa kọjú sódò?"

Orí àkàbà ni ayàwòrán wà nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó jábọ́. Kò retí rẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ tó ti sọ pé ilẹ̀ wọn tí omi dáàmù bò mọ́lẹ̀ lòun fẹ́ yà fún ìpàtẹ àwòrán yìí ni bàbá ti fajú ro. Ó ní ohun tí omi bá ti gbé mì, kí ẹnikẹ́ni má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun wá a. Ó ní òun kò ní yọjú síbẹ̀.

Òun ló wá dúró sáàárín gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo àwòrán tó gba ògiri kan tán: oko àgbàdo lápá òkè, odò tó ń rọra ṣàn nísàlẹ̀, àwọn ilé alámọ̀ létí rẹ̀. Ayàwòrán kò fojú kan ibẹ̀ rí. Wọn ò tíì bí i nígbà tí ìjọba kó àwọn ará abúlé kúrò, tí wọ́n sé odò náà kí ará ìgboro lè rí omi ẹ̀rọ lò. Ẹnu ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi júwe ibẹ̀ fún un, òun náà sì fi ọ̀dà sọ ọ́ padà.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì rọra jẹ́wọ́ ẹni tó sọ fún un.

"Ó kẹ̀yìn sódò ni," bàbá wí. "Ìyá wa ló ní kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ìlẹ̀kùn bá kọjú sódò, apẹja ni bàbá wa á máa wò látàárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ oko á wá di ti ìyàwó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. "Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kí lo rí? Ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀. Òun lo máa ń gbà sá lọ lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá ní kóo wá ṣẹ́gi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé nìyẹn."

"Fèrèsé tí ewúrẹ́ ń gbà jáde?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu bàbá. Ayàwòrán ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Ọkùnrin tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ abúlé náà ló ń fi í rẹ́rìn-ín yìí. Àwọn èrò ti ń wọlé, wọ́n yí àgbà méjèèjì ká. Àwọn kan rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Aránṣọ apárí kan tí òbí tirẹ̀ náà wá láti abúlé ọ̀hún fi ara há wọn láàárín, ó ní wọ́n ti ya oko bàbá bàbá òun mọ́ ti ẹlòmíì. Àríyànjiyàn wá dùn bí oyin.

Olùtọ́jú gbọ̀ngàn rọra bi ayàwòrán bóyá kí òun pẹ̀tù sí wọn. Ó ní kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí bàbá rẹ̀. Bàbá gbà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a di ọrùn ọwọ́ mú. Wọ́n jọ sọ ìlẹ̀kùn náà di fèrèsé gbàǹgbà, èyí tí ewúrẹ́ àti ọmọkùnrin ọ̀lẹ kan lè gbà kọjá láì fara kanra.

Nírọ̀lẹ́, bí ayàwòrán ṣe ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé, bàbá ní kó yà sọ́nà dáàmù. Ayàwòrán yà síbẹ̀. Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀, omi tẹ́ lọ salalu, àwọn ọmọdé ń fi òkúta ṣeré létí rẹ̀. Bàbá bọ́ bàtà, ó ká sòkòtò, ó wọnú omi lọ títí ó fi mù ún dé orúnkún. Ó rọra fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹni ń yẹ ilẹ̀ wò.

"Oko àgbàdo wa nìyí," ó wí. "Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Ìwọ náà, wá tẹ ilẹ̀ bàbá ńlá rẹ."

Ayàwòrán ti mú pépà àti pẹ́ńsù jáde láti ya bàbá rẹ̀ bó ṣe dúró yẹn. Ó wò ó díẹ̀. Ó dá wọn padà sínú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.