Orí Méjì Lára Owó Kan

Ó tún ju owó idẹ náà sórí gíláàsì tábìlì, ó gbọ́ ìró rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ìró náà pé. Ìró tó fọ́ ló ti ń wá láti àárọ̀, kó lè dá owó náà padà fún ọkùnrin oníbàtà funfun tó gbé e wá, kí ọkàn òun sì balẹ̀.

Ìyá Awò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí awò kékeré tó máa ń fi kọ́ ọrùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ owó tí ẹ̀rọ ṣì tẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé àṣìṣe náà kì í ṣe àtọwọ́dá. Àwọn tó ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ kì í ra èyí tí kò bá ní ìwé rẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí ayédèrú lẹ́ẹ̀kan péré, ó di kó ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Orí obìnrin kan ló wà lára owó yìí, ẹ̀rọ sì ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí imú orí kejì fi wọnú etí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó bá ṣìṣe máa ń ṣe wúruwùru ni. Eléyìí mọ́ jù, àfi bí ẹni pé ẹnìkan fara balẹ̀ dá owó náà padà sábẹ́ ẹ̀rọ.

“Níbo lẹ ti rí i?” ni Ìyá Awò bi ọkùnrin náà.

“Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ ṣáà bá mi fọwọ́ sí i, màmá. Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń dúró.”

Ìyá Awò wo bàtà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, kò fọkàn tán ọ̀kankan nínú méjèèjì. “Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́.”

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó mọ ẹ̀rọ yẹn dénú: bàbá Ìyá Awò fúnra rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ owó. Ó fi owó náà sínú àpòòwé, ó lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ bá a. Bàbá ń gé èékánná lórí àga.

“Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, owó kan ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò. Ẹ̀rọ yín ló ṣì í tẹ̀.”

Bàbá wo àpòòwé náà, kò na ọwọ́ gbà á. “Ṣé èyí tí imú ẹ̀ wọ etí yẹn ni?”

Ìyá Awò yẹ ẹnu àpòòwé náà wò. Àpòòwé náà ṣì wà ní lílẹ̀.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Irú ẹ̀ pọ̀ nígbà yẹn,” ni bàbá wí, ó sì padà sídìí èékánná rẹ̀.

Irú rẹ̀ kò pọ̀. Kò sí nínú ìwé kankan, kò sì sí ìwé tí Ìyá Awò kò tíì kà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń wá ohun tó máa fi dá bàbá láre pé kì í ṣe òun ló kó o jáde níbi iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ wọn kò ní àpò. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń tú wọn wò dé abẹ́ ahọ́n kí wọ́n tó lọ sílé. Bàbá fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé abẹ́rẹ́ kò lè bá àwọn jáde. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

Ó wá gbójú sókè wo fọ́tò ara ògiri, èyí tó mú kí àwọn oníbàárà àkọ́kọ́ fọkàn tán an. Bàbá dúró lẹ́nu géètì nínú aṣọ tí kò lápò. Ọmọdébìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kúlà oúnjẹ mọ́ àyà. Òun ni. Ojoojúmọ́ ìsinmi ilé-ìwé ló ń gbé ìrẹsì ọ̀sán lọ fún bàbá, tó sì ń dúró gba kúlà padà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ a máa fà á lẹ́rẹ̀kẹ́, wọn a bá a ṣeré. Wọn kì í ṣí kúlà rẹ̀. Bàbá kì í sì í jẹ ìrẹsì náà tán.

Bàbá a wí pé, “Má fọwọ́ kan ìyókù o. Ìyá ẹ ló ni ín. Má sì mì í.”

Ó máa ń fi yangàn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn ìyá òun débi pé ó ń bù sílẹ̀ fún un.

Ọkùnrin oníbàtà funfun ti ń kanlẹ̀kùn. “Màmá, ṣé ẹ ti mọ̀ bóyá ojúlówó ni?”

Ìyá Awò mú bírò. Ó wo ọwọ́ tó fi mú un, ọwọ́ kan náà tó ń gbé kúlà kọjá lójú àwọn ẹ̀ṣọ́.