Díìsìkì Kejì

Ní ọ́fíìsì kan ní Oníru, wọ́n fẹ̀sùn kan Bàṣírát, tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn, pé ó jí orúkọ àwọn oníbàárà tà. Àkọsílẹ̀ inú fáyáwọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, nìkan ló lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Babájídé, gbé díìsìkì kejì wá, kó lè wà pẹ̀lú èyí tí àkọsílẹ̀ wà nínú fáyáwọ́ọ̀lù. "Fi RAID so méjèèjì pọ̀. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà."

"Ọ̀gá, tí mo bá so wọ́n, gbogbo àkọsílẹ̀ á parẹ́ o."

"Mo ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Àbí irọ́ ni mò ń pa?"

Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé kì í ní kí àgbà wá búra. Ó ṣe bísímílà, ó tẹ bọ́tìnnì tó so wọ́n pọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà, Bàṣírát béèrè ẹ̀dà náà. Babájídé ní, "Ẹ̀dà wo, màdáámù?"

Wọ́n ṣí díìsìkì. Ohun tí ìlà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀ tuntun sọ ni pé Bàṣírát ló pa àkọsílẹ̀ rẹ́.