Awò Ìbọn Akínṣọlá Tí Bátìrì Tú Omi Sí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkùnrin tí ọgbọ́n ara rẹ̀ ń pa lára, ẹ wá sí Òdìgbó, kí ẹ béèrè Akínṣọlá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ròyìn ara rẹ̀ fún yín, nítorí láti ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ awò ìbọn yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó òun alára.

Àgbẹ̀ kòkó ni, ọdẹ sì ni pẹ̀lú, ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé méjì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kókó irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn, èyí tí ọdẹ fi ń wo ọ̀kánkán ẹran, ti pòórá mọ́ ọn lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló gbà á sílẹ̀ láìmọ̀. Ó fi awò ìbọn kan ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn, tó ń lo bátìrì. Bí èèyàn bá fojú sí ihò rẹ̀, yóò rí iná pupa kan tó tó kóró ata. Ibi tí iná yẹn bá bà lé, ibẹ̀ ni ọta ń lọ. Akínṣọlá bá tún di géńdé lójú ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Ó ní bátìrì ló ti rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ra òmíràn, ṣùgbọ́n Akínṣọlá kọ̀, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bátìrì tó bá rẹ̀, oòrùn la fi ń jí i. Ó yọ ọ́, ó gbé e sórí páànù ilé ìdáná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó dá a padà sínú awò, ó sì ti ìbọn mọ́ inú àpótí fún oṣù méjì. Bóyá bátìrì tọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ máa ń gba irú ìwòsàn bẹ́ẹ̀. Eléyìí ò gbà á.

Lọ́jọ́rú ló ṣí awò náà. Àwọn ọdẹ Òdìgbó fẹ́ jáde ní Sátidé lọ lé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń hú ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn jẹ, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí. Ó yẹ ilé bátìrì wò. Bátìrì ti tú omi, omi náà ti gbẹ, ó di èépá funfun bí iyọ̀, ó bo sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Láìsí awò yẹn, gbogbo ọdẹ ni yóò mọ̀ ní Sátidé pé ojú Akínṣọlá ti lọ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀.

Ṣé ó wá gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n? Ká má rí i. Ó ti rí i rí ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀, bí àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ ṣe ń da omi káún sórí ásíìdì tó bá dà sílẹ̀. Bátìrì ni gbogbo bátìrì, ó wí fún ara rẹ̀. Ó gbé káún tí ìyàwó rẹ̀ fi ń se ẹ̀wà, ó pò ó mọ́ omi, ó kán an sínú awò. Èépá náà ò mira.

"Bàbá Ṣíjí," Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ wí, nígbà tó rí káún rẹ̀ nílẹ̀, "ṣé ẹ̀wà lẹ fẹ́ sè nínú ìbọn ni?"

"Iṣẹ́ ọkùnrin ni," ó dá a lóhùn, ojú sì ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìbọn sílẹ̀ nílé, ó tú awò nìkan sínú àpò, ó ní kí Bọ́látitó fi ọ̀kadà gbé òun lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ọdẹ ni Bọ́látitó náà, baba ọlọ́mọ mẹ́ta tí Akínṣọlá kọ́ níṣẹ́ ọdẹ. Akínṣọlá purọ́ fún un pé rédíò ló bà jẹ́.

Nàfísàt, tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, ló gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i, ó wò ó títí.

"Bàbá, kí lẹ fi sí i?"

"Káún."

"Ti bátìrì ọkọ̀ ló jẹ́ ásíìdì tó ń fẹ́ káún. Eléyìí, bíi káún lòun náà ṣe rí. Ẹ ti fi káún kún káún."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi igi ìṣáná ha èyí tó gbẹ kúrò. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí méjì, ó fi òwú gba omi rẹ̀ díẹ̀, ó fi kan èépá náà. Ó hó ṣìì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo ó, ó fi sípírìtì nù ún, ó fi sánpépà ha sípíríǹgì títí ó fi ń dán. Nígbà tó gbẹ, ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ó gbé e sójú, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri.

"Ó ti tàn," ó wí.

Akínṣọlá gbà á. Pupa ló rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n pupa náà fọ́nká bíi tòmátò tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kò tíì mọ́. Tún un nù."

Nàfísàt tún un nù. Ó ṣì fọ́nká. Ọmọbìnrin náà wá gbé e sójú ara rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá, ẹyọ kan ṣoṣo ni mò ń rí, ó sì mú bí ẹnu abẹ́rẹ́." Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ fi ojú kejì wò ó."

Ó fi ojú kejì wò ó. Èyí tún burú jù.

Ìgbà náà ló yé e. Bátìrì tí ara rẹ̀ le koko ló lọ sá sóòrùn. Ojú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ó ti wo ẹni tí nǹkan kan ò ṣe sàn títí ó fi kú. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó fẹ́ jọ ẹkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Nàfísàt, ó jáde.

Ó ṣì lè purọ́ pé ibà ń ṣe òun ní Sátidé, kó sì tún gbé ìbọn lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró ti ọ̀kadà, ó rò ó wò: inú igbó, àwọn ọkùnrin lọ́tùn-ún lósì, àti pupa yẹn tó lè bo ẹlẹ́dẹ̀, tó lè bo ẹsẹ̀ ọmọ ẹni. Ẹ̀rù tó bà á wá ju ìtìjú lọ.

"Bọ́látitó, mi ò ní gbé ìbọn ní Sátidé. Ojú mi ti lọ. Ó ti pẹ́."

Bọ́látitó pa ọ̀kadà tó ti ṣáná sí.

"Bàbá, a mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Láti ọdún tó kọjá ni. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹnikẹ́ni kì í dúró níwájú yín mọ́ nínú igbó ni?"

Akínṣọlá rí i. Ọ̀wọ̀ ló pè é. Ó tilẹ̀ ti fi yangàn fún Monílọ́lá pé àwọn ọdẹ tó ń tẹ̀lé òun mọ iyì àgbà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ta ni yóò sọ ọ́? À ń retí kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín." Bọ́látitó nu ìjókòó ẹ̀yìn fún un. "Ẹ gùn ún, Bàbá. Gbogbo wa ni ẹ̀rù yín ti ń bà."