Jáàmù Lórí Ìka Ọ̀gá Àgbà

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gá Àgbà fi ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé ó ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ń retí kí gbogbo àwọn tó wà níjòókòó dìde kí i, títí kan ẹni tí wọ́n ti fá orí rẹ̀ dé ìdajì.

Nígbà tó gbọ́ pé àwọn kan máa ń kó àwọn ọmọ tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà lọ gbé ní àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan lásìkò ìsinmi, pé ńṣe ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yọ̀ǹda ara wọn, ó ní kò ní ṣẹ́yìn òun. Ó di àpótí. Ẹ̀wù mẹ́fà ló kó sí i, àti ìwé kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ojú ewé mọ́kàndínlógójì: *Ọ̀nà Méje Tí Ènìyàn Fi Ń Nígboyà*. Lọ́jọ́ Sátidé tí àgọ́ bá ń tú ká, tí àwọn òbí bá wá mú ọmọ wọn, òun ni yóò kà á sí gbogbo wọn létí. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá àwọn ọmọ náà sọ pé ìgboyà àwọn ò tó. Ó ní ọmọdé kì í mọ ohun tó kù fún un.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni òfin yàrá ìjẹun. Tábìlì kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń jókòó tì í, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, tí kì í sì í yí padà. Kí ọmọ kankan tó jẹun, á fọwọ́, á mú irin iṣẹ́ kan tó dà bíi bírò, á tẹ ìdí rẹ̀, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á gún un níka, á sì fi ẹ̀jẹ̀ tó yọ kan bébà tín-ín-rín tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ ka iye ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó bá wọn wá náà á gún tiwọn. Nọ́ọ̀sì ní nílé, àwọn ọmọ yìí nìkan ni wọ́n ń gún, tí gbogbo ilé á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Nínú àgọ́ tòun, kò sí òǹwòran. Ẹni tí kò bá gún, kò ní jẹ.

Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí ti fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lé ejò jáde ní ọ́fíìsì rí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́! Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba àjẹsára, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé wọn lọ; òun á dúró ní òdìkejì títì, á máa ka ìwé ìròyìn tó dorí kodò.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó ní inú ń run òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kì í jẹun kí oòrùn tó yí. Oòrùn yí, alásè sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín adìẹ. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kódà ìgboyà ọlọ́nà méje ò ráyè wọlé.

Ó yà sí kọ̀rọ̀, ó yọ díẹ̀ nínú jáàmù pupa, èso tí wọ́n fi ṣúgà sè tí wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì, tí wọ́n ṣẹ́kù láàárọ̀, ó fi ṣe tó-ó báyìí sórí ìka ìfábẹ̀lá. Ó bá rìn wọlé bí ọ̀gágun tó ti ogun dé. Ó ní òun ti gún tòun ní yàrá, ẹ̀jẹ̀ rèé.

Ó fi ìka kan bébà. Ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀, ó sì figbe ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Kò kọ iye kankan. Ohun tó kọ ni pé ṣúgà yìí kọjá ohun tí òun lè kà.

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé Nọ́ọ̀sì lè sáré. Ó ti àga onítáyà dé, ó fi Ọ̀gá Àgbà sínú rẹ̀, ó ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ wá, pé òun á kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ gidi lápá bàbá kí wọ́n tó forí lé ọsibítù. Àwọn ọmọ rọ̀gbà yí i ká pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí wọn ò fún un rí. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti mú ẹ̀rọ sunkún rí. Ọ̀kan fi abẹ́rẹ́ ínsúlìn tiẹ̀, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, lọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì wá fa síríńjì yọ nínú ọ̀rá. Ó ń fà á, kò tán. Òógùn bo Ọ̀gá Àgbà.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Adájọ́, nítorí kò sí ìjà tó ṣẹlẹ̀ lágọ̀ọ́ tí kò dá lẹ́jọ́. Ó di bàbá lọ́wọ́ mú láti tù ú nínú, imú rẹ̀ sì súnmọ́ ìka náà. Ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Bàbá," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "jáàmù ni."

Bàbá fẹ́ fa ìka náà pamọ́.

"Èmi náà ti ṣe é rí. Omi ọsàn ni mo fi ṣe tèmi. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n gún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jẹ́wọ́."

"Kí ni kí n ṣe?" ni Ọ̀gá Àgbà wí. Láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn tó bi ọmọdé tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́wọ́ kí tiyín tó di mẹ́ta."

Ọ̀gá Àgbà ronú nípa ọjọ́ Sátidé, ó ronú nípa ojú ewé mọ́kàndínlógójì. Ó wo síríńjì.

"Nọ́ọ̀sì, jáàmù ni," ó wí. "Abẹ́rẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó dijú, ó ń retí ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ti rẹ́ nọ́ọ̀sì jẹ rí. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni pé jáàmù kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọbẹ̀ tòmátì ló dára jù, torí kò dùn. Nọ́ọ̀sì ń gbọ́, ó ń fi ojú ka ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Adájọ́ mú bàbá lọ fọwọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ìka là ń gún, kì í ṣe àárín, àárín ló ń dunni. Ó gbé àtàǹpàkò bàbá lé ìdí irin iṣẹ́ náà, ó ní kó máa wo alásè, pé tí òun bá kà á dé ẹ̀ta, kó tẹ̀ ẹ́.

"Ení," Adájọ́ wí. "Èjì." Ó sì fi ọwọ́ tiẹ̀ tẹ àtàǹpàkò náà mọ́lẹ̀.

Igbe tí Ọ̀gá Àgbà ké mú kí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ alásè. Nígbà tó lajú, ó béèrè bóyá wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó ti tán tipẹ́, ṣúgà rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, kó lọ jẹun. Nọ́ọ̀sì lẹ báńdéèjì oníyàwòrán pẹ́pẹ́yẹ mọ́ ọn níka.

Ṣùgbọ́n aago kan wà lára ògiri níbẹ̀, ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gún ìka fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń lù ú. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀: ṣé bàbá gún ara rẹ̀, àbí wọ́n gún un? Adájọ́ dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀: ìka bàbá ni, àtàǹpàkò bàbá ni, igbe náà, ti bàbá ni. Ó ní kó lù ú. Ó lu aago títí Nọ́ọ̀sì fi gba okùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sátidé pé, àwọn òbí jókòó. Ọ̀gá Àgbà dúró níwájú wọn nínú ẹ̀wù tó dára jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ṣí ìwé. Kò tíì ka ọ̀nà kìn-ín-ní tán tí Adájọ́ fi nawọ́ níwájú pátápátá. Ó fẹ́ mọ èwo nínú méjèèje ni bàbá lò lọ́jọ́ Túsídè.

Ọ̀gá Àgbà ṣí ojú ewé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó pa ìwé dé.

"Ẹ̀kẹjọ ni," ó wí.

"Kí ni ẹ̀kẹjọ?"

"Kí Adájọ́ kà á dé èjì."

Nígbà tó délé, báńdéèjì pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà níka rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní ọ̀rọ̀ gígùn ni, ó sì jókòó láti kọ ọ́. Ìwé náà ti di ojú ewé mọ́kànléláàádọ́ta báyìí. Jáàmù ò sí nínú rẹ̀.