Òkèlè Blandine

Òkèlè mẹ́wàá péré ni Blandine ń jẹ nídìí iyán lálẹ́, ó sì ń kà á. Ohun tó wá ń jẹ́ ìyanu fún un ni pé ara rẹ̀ kò fúyẹ́ mọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ó rù tí gbogbo ilé ń ṣe sàdáńkátà fún un, tí ìró tí kì í ká a dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dúró sójú kan. Ó ń ka òkèlè, kò fo ọjọ́ kan, síbẹ̀ ara ní òun ò lọ.

Kì í ṣe nítorí ẹwà ló fi ń fìyà jẹ ara rẹ̀ o. Ní Dassa láyé ìgbà yẹn, tí òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé kò tíì pẹ́ lọ títí, obìnrin tó bá sanra ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ kí ọkọ pé ó kú ìtọ́jú. Orúnkún ló dà á láàmú. Ìyá rẹ̀ wà lórí òkè, ní abúlé àtijọ́ tí àwọn yòókù ti kó kúrò wá sí ìsàlẹ̀ létí títì. Ìyá ní òun ò ní sọ̀kalẹ̀ láé, pé ibi tí wọ́n bí òun sí lòun máa kú sí. Ó ti pé ọdún méjì tí Blandine ti gòkè lọ wò ó gbẹ̀yìn. Ìgbàkígbà tó bá gbìyànjú, orúnkún méjèèjì a wú, òun a sì jókòó sórí àpáta kìíní lójú ọ̀nà, a máa wo òkè bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tilẹ̀ gbé e sórí àga lọ́jọ́ kan pé àwọn á rù ú débẹ̀. Wọn ò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti le tí wọ́n fi rọra gbé e kalẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ mumi, wọn ò sì padà wá.

Àwọn tó ń ti orí òkè wá sọ́jà ló ń mú ìròyìn wá fún un. Ìyá ń húkọ́. Ìyá kì í jáde síta mọ́. Ẹ̀rù ń ba Blandine pé ìyá òun á kú kí òun tó fojú kàn án.

Gilbert tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré, tí gbogbo ayé ń pè ní dọ̀tóò, ló sọ fún un pé ara tó wúwo ló ń ni orúnkún náà lára. “Ẹ ṣe régime, màmá,” ó ní. “Ẹ dín oúnjẹ kù.”

Blandine bi í léèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye tí òun jẹ, nígbà tó jẹ́ pé inú abọ́ kan náà lòun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ti jọ ń jẹun. Gilbert ò ronú kan ìyẹn rí. Ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní, “Ẹ máa ka òkèlè nígbà náà.” Wọ́n dúnàádúrà lé e lórí bí ẹni ń ra adìyẹ, wọ́n sì fẹnu kò sí mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà ni Jeanne, opó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó padà wálé láti Soclogbo nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà lòun àti Blandine ti jọ ń jẹun. Bí Blandine bá ti ka mẹ́wàá, á ṣanwọ́, Jeanne á sì máa jẹ èyí tó kù nínú abọ́ lọ.

Ìwọ̀n ọmọ ọwọ́ nìkan ló wà nílé ìwòsàn, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàṣírù tó ń ra ẹ̀pà lọ́jà ni Blandine ti ń wọn ara rẹ̀, lórí irin tí wọ́n ń gbé àpò lé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtìjú mú un. Jeanne ló kọ́kọ́ gun irin náà kí Blandine lè rí i pé kì í gé èèyàn jẹ.

Nígbà tí ara wá kọ̀ tí kò rù mọ́, Blandine bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó kọ́kọ́ fura sí ìwọ̀n Bàṣírù. Ó ní kó gbé àpò ẹ̀pà kan náà lé e nígbà méjì, iye kan náà ló sì jáde. “Irin yìí ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ẹ̀pà, màmá,” ni Bàṣírù wí, kò sì bínú. Ó fura sí epo, ó dín epo kù. Ó fura sí omi kànga tuntun, ó lọ ń pọnmi níbòmíràn. Kò sí ohun tó yí padà àfi pé ọbẹ̀ ò dùn mọ́.

Ó di ọjọ́ ọjà kan tí Jeanne tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ Bàṣírù. Blandine gun irin: bákan náà ni. Ni Bàṣírù bá ń bá Jeanne ṣàwàdà, pé kí òun náà gùn ún, ó pẹ́ tí àwọn ti wọ̀n ọ́n. Jeanne gùn ún. Bàṣírù tẹjú mọ́ ìwọ̀n náà, ó tún un wò.

“Ẹ̀yin mà lẹ rù, ìyá. Kílò márùn-ún ti lọ lára yín. Ta ló fẹ́ gun òkè nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Blandine kò rín, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kó sí i lórí. Ó ń rò ó bọ̀ wálé. Ìwọ̀n iṣu tí wọ́n ń gún kò yí padà, òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Nǹkan kan kì í ṣẹ́kù nínú abọ́. Bí òun bá wá ń jẹ díẹ̀ lóòótọ́, Jeanne ló ń jẹ ìyókù, Jeanne ló sì yẹ kó sanra. Iyán yìí, níbo ló ń gbà lọ?

Nígbà tí iyán délẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bu òkèlè àkọ́kọ́ bó ṣe máa ń bù ú, ṣùgbọ́n kò fi í sẹ́nu. Ó gbé e sórí ọmọrí abọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu tiyín síbí.”

Jeanne wò ó, ó bu tirẹ̀. Ti Jeanne kò ju ẹyin awó lọ. Ti Blandine tó ìkúùkù ọmọdé. Blandine mú tirẹ̀, ó pín in sí ìwọ̀n ti Jeanne, ó di mẹ́ta. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ń ka mẹ́wàá lóòótọ́, ọwọ́ ló ń sọ òkèlè di ńlá díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún un.

“Ẹ̀yin ti rí i tẹ́lẹ̀?” ó bi í.

“Mo rí i.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Kí n ní kí ni?” Jeanne ò gbójú sókè. “Kí àgbà bíi tèmi máa ṣọ́ ọwọ́ ìyàwó ilé nídìí abọ́? Mo rò pé ebi ń pa ọ́ ni. Mo ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ.”

Ojú ti Blandine débi pé ó fẹ́ dìde lọ. Láti ìgbà yìí wá, ebi ni àgbàlagbà yìí ń gbé lọ sùn nítorí tirẹ̀, òun sì rèé tó ń bá kànga jà. Jeanne fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó ní kó jókòó.

“Ṣé kí n máa bu tìẹ sọ́tọ̀?”

Blandine ní rárá. Bí obìnrin méjì tó ti ń jọ jẹun bá ya abọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo agbo ilé á ti kóra jọ wá parí ìjà tí kò sí. Jeanne ronú, ó tún ọwọ́ ṣan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkèlè ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó tò wọ́n sí etí abọ́ lápá ọ̀dọ̀ Blandine, ó di mẹ́wàá. “Tìẹ nìyẹn,” ó ní. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́. Ignace ọkọ Blandine kọjá lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n bóyá ìyàwó òun ti padà di ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ń bá oúnjẹ wọn lọ.

Ebi pa Blandine, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé òun ò tíì ṣe régime rí. Ṣùgbọ́n irin Bàṣírù tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rere, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jeanne náà sì kún padà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, Blandine dé àpáta kìíní, kò jókòó. Jeanne ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n sinmi, wọ́n rìn, wọ́n sinmi, títí wọ́n fi rí òrùlé. Jeanne ní òun á dúró síta kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ríra.

“Ta ló ń mí bí ẹṣin lẹ́nu ọ̀nà mi yẹn?” Ohùn ìyá nìyẹn láti inú yàrá.

“Èmi ni, màmá.”

“Àbẹ̀ní?” Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ yẹn pè é mọ́ nísàlẹ̀. Ìyá jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. “Wọ́n ń sọ fún mi pé orúnkún ni.”

“Orúnkún ni, màmá.”

“Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ní o ń bínú sí mi nítorí pé mi ò bá yín sọ̀kalẹ̀.”

Ó na ọwọ́, ó wá orúnkún ọmọ rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká. Ìrìn àjò náà ti jẹ́ kó wú, ó sì ń gbóná. Ìyá bọ́ sórí èkejì, ó tẹ ìyẹn náà.

“Ó wú,” ó ní. “Ó wú lóòótọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń bá ọ jà nínú yàrá yìí, Àbẹ̀ní, tí mò ń dá nìkan jà.”

Blandine rọra jókòó tì í lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì jẹ́ kó di orúnkún náà mú títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.